Téèpù Tí Mo Rò Pé Ó Ti Bàjẹ́

Ọjọ́ kẹta tí mo dé ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń kọ́ iṣẹ́ páànù ní Amẹ́ríkà ni mo rí i pé irin kékeré tó wà lẹ́nu téèpù ìwọ̀n mi tuntun, èyí tí a fi ń kọ́ ọ mọ́ etí páànù, ń mì. Ó ń lọ síwájú sẹ́yìn díẹ̀ bí eyín ọmọdé tó fẹ́ yọ. Mo ní ẹni tó tà á fún mi ti rẹ́ mi jẹ. Mo gbé e lé orí irin, mo mú òòlù, mo lu ìdè rẹ̀ méjèèjì títí ó fi dúró gbọin-gbọin. Inú mi dùn. Mo tilẹ̀ wo ọ̀tún wo òsì bóyá ẹnì kan rí i pé mo mọ nǹkan tún ṣe.

Láti ọjọ́ náà, bí mo bá fi téèpù yẹn kọ́ etí páànù láti ìta, òótọ́ ló ń sọ. Bí mo bá tì í mọ́ inú àpótí, irọ́ ló ń pa. Irọ́ náà kò pọ̀, kò tó 1/16 ínǹṣì, ṣùgbọ́n nínú iṣẹ́ yìí irọ́ kékeré kì í dúró síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Páànù kan á gbé e fún èkejì, èkejì á gbé e fún ẹ̀kẹta, ìgbà tí ẹ bá fi máa dé òkè àjà, ihò méjì tó yẹ kó kojú ara wọn á ti kẹ̀yìn síra.

Ọ̀gá tí wọ́n fi mí sí lábẹ́ ló mú téèpù náà lọ́jọ́ kan. Ó fi àtàǹpàkò ti irin yẹn, kò mì. Ó wò mí. Ó jù ú sínú garawa àjákù irin, ó na tirẹ̀ sí mi, ó ní: "Wọ́n dìídì ṣe é kó máa mì ni. Tó o bá kọ́ ọ mọ́ ìta, á fà jáde. Tó o bá tì í mọ́ inú, á wọlé. Bí irin yẹn ṣe nípọn tó ni ibi tó ń rìn ṣe gùn tó." Ó kẹ̀yìn sí mi, ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ọmọ ọdún 26 ni. Èmi ti pé 37 nígbà náà.

Mo ti ṣe panel beater fún ọdún mẹ́fà kí n tó rékọjá sí Amẹ́ríkà. Mo ti ní ọmọṣẹ́ lábẹ́ mi rí, tí wọ́n ń dọ̀bálẹ̀ kí mi láàárọ̀. Ọdún mẹ́fà yẹn, téèpù kan kò sí lọ́wọ́ mi tí ẹnu rẹ̀ kì í mì, mo sì rò pé gbogbo wọn ló ti gbó ni.

Bí mo ṣe débẹ̀ kò gùn. Ilé ìkẹ́rù ni mo ti ń ṣiṣẹ́ òru ní ìpínlẹ̀ Ohio, ẹ̀yìn mi ń dùn mí, owó kò tó nǹkan. Arákùnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa tó ń ṣe iṣẹ́ iná mànàmáná ló sọ fún mi pé yúníọ̀n ń kọ́ èèyàn níṣẹ́, wọ́n sì ń sanwó fún ẹni tí wọ́n ń kọ́. Mi ò gbà á gbọ́. Níbi tí mo ti ń bọ̀, ọmọṣẹ́ ló ń sanwó fún ọ̀gá, ọmọṣẹ́ náà ló tún ń fọ aṣọ ìyàwó ọ̀gá, ọjọ́ tó bá sì gba fíríìdọ̀mù, òun náà ló máa ra ohun mímu. Ó ní kí n lọ wò ó fúnra mi.

Yúníọ̀n àwọn oníṣẹ́ páànù ti pẹ́. Ní 1888 ni wọ́n dá a sílẹ̀ ní ìlú Toledo, ní Ohio yìí kan náà. SMART ni wọ́n ń pè é lónìí, torí pé àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin àtàwọn onímọ́tò ti dara pọ̀ mọ́ wọn. Ẹ̀ka yúníọ̀n ní agbègbè kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń pè ní local, ló ní ilé ẹ̀kọ́ tirẹ̀ tàbí èyí tí òun àtàwọn kan jọ ní, ìgbìmọ̀ tó sì ń darí rẹ̀, iye èèyàn tí yúníọ̀n bá yàn síbẹ̀ ni àwọn agbaṣẹ́ṣe náà ń yàn. Ẹ jẹ́ kí n tẹnu mọ́ èyí, torí pé òun ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ wọn kún ẹnu: àwọn tó fẹ́ gba èèyàn síṣẹ́ àti àwọn tó ń jà fún òṣìṣẹ́ ló jọ jókòó sídìí tábìlì kan náà tí wọ́n ń bi mí léèrè ọ̀rọ̀.

Wọ́n béèrè ìwé ẹ̀rí girama. Mo ní láti fi WAEC mi ránṣẹ́ síbi tí wọ́n ti ń yẹ ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ òkèèrè wò, ìyẹn gba oṣù méjì. Lẹ́yìn náà, ìdánwò ìṣirò. Mo ṣì ń rántí ìbéèrè kan: 3/8 àti 5/16, èló ni wọ́n jẹ́? Ó jẹ́ 11/16. Ọmọ ọdún 19 tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ti ṣe tán kí n tó ṣí bírò. Lẹ́yìn ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, wọ́n to orúkọ wa gẹ́gẹ́ bí máàkì, mo sì dúró oṣù méje kí wọ́n tó pè mí.

Ìwé àdéhùn tí mo fọwọ́ sí, ọdún márùn-ún ló wà nínú rẹ̀. Lọ́dún kọ̀ọ̀kan, nǹkan bí 2,000 wákàtí lẹ́nu iṣẹ́, kíláàsì sì tún wà. Òfin tí ìjọba àpapọ̀ fi dá irú ìkọ́ṣẹ́ yìí mọ̀ ti wà láti 1937, ìlànà wọn sì ni pé kí kíláàsì má dín ní wákàtí 144 lọ́dún. Ní ti owó, wọ́n kì í dédé dá a. Ìdá kan nínú owó ẹni tó ti yege, tí wọ́n ń pè ní journeyman, ni ọmọṣẹ́ ń gbà. Tèmi bẹ̀rẹ̀ láti 45 nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì ń gòkè bí mo ṣe ń parí ìpele kọ̀ọ̀kan. Iye yìí yàtọ̀ láti local kan sí òmíràn. Ìyàwó mi wo ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, "Ṣé ìwọ ni wọ́n máa kọ́ ni, àbí ìwọ lo máa kọ́ wọn?" Ó mọ̀ mí.

Torí pé ọ̀rọ̀ tó pọ̀ jù lẹ́nu mi ní ọdún àkọ́kọ́ ni "Mo mọ̀."

Wọ́n ní kí n gbá ilẹ̀, mo mọ̀. Wọ́n ní kí n kun ojú ìsopọ̀ duct, ìyẹn àpótí irin gígùn tí afẹ́fẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù ń gbà kọjá nínú ilé ńlá, mo mọ̀. Ohun tí a fi ń kùn ún dà bí ògì dúdú tó ki, pookie ni wọ́n ń pè é, ọmọṣẹ́ tuntun ló máa ń gbé búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Mo fi í kun ìbọ̀wọ́ mi, mo fi í kun irun mi, ọmọbìnrin mi ń bi mí bóyá amọ̀ ni mò ń mọ níbi iṣẹ́. Ohun tó ń dùn mí kì í ṣe pookie. Ó ń dùn mí pé ọmọ tí àbúrò mi fi ọdún púpọ̀ jù lọ ń pe orúkọ mi gàdàgbà láti orí àkàbà, "Gbé òòlù wá!", mo sì ní láti gbé e lọ. Mo máa ń gbé e lọ pẹ̀lú ojú tó le. Mi ò rò pé ó tilẹ̀ rí i. Kò sí ohun tó ń jẹ́ ẹ̀gbọ́n nínú èdè tó ń sọ.

Ní ọjọ́ kan, ó ń ṣàlàyé bí a ṣe ń so ọ̀pá duct méjì pọ̀. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ méjì ló wà fún un. Èyí tó tẹ̀ bí lẹ́tà S máa ń wọ ẹ̀gbẹ́ tó fẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní drive máa ń wọ ẹ̀gbẹ́ tó ṣe tóóró, a ó fi òòlù gbá a wọlé, a ó sì tẹ etí rẹ̀ méjèèjì mọ́lẹ̀ kó má bàa yọ. Mo ní, "Mo mọ̀." Fọ́máànù wa tó ń kọjá lọ dúró. Bàbá ńlá ni, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun. Ó ní, "Tó o bá mọ̀, kí ló dé tí a fi ń san owó ọmọṣẹ́ fún ẹ?" Ó lọ. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn bá mi sùn, ó sì bá mi jí. Òótọ́ ni: lóṣù mẹ́fà mẹ́fà, wọ́n ń fún mi lówó kún owó nítorí ohun tí mi ò tíì mọ̀ tí mo sì gbà láti mọ̀. Bí mo bá ń ṣe bí ẹni tó ti mọ̀ ọ́n, owó oṣù ara mi ni mò ń jí.

Mi ò yí padà lọ́jọ́ kan ṣá. Páànù ló kọ́ mi, torí òun kì í bọ̀wọ̀ fún ọjọ́ orí.

Nọ́ńbà rẹ̀ nìkan tó láti da èèyàn láàmú. Gééjì ni a fi ń sọ bí páànù ṣe nípọn tó, bí nọ́ńbà bá sì ṣe ń ga sí i ni páànù ń tinrin sí i. Èyí tí a ń pè ní 16 fẹ́rẹ̀ẹ́ nípọn tó 1/16 ínǹṣì. Èyí tí a ń pè ní 26 kò tó 1/40. Mo ti gbé 18 wá fún ẹni tó ní kí n gbé 22 wá rí, mo rò pé èyí tó kéré ni mo gbé. Àlùmọ́gàjí irin náà ní tirẹ̀. Mo rà á ní àwọ̀ mẹ́ta, pupa, àwọ̀ ewé àti yẹ́lò, mo rò pé ẹwà ni. Pupa ló ń gé yí sí òsì, àwọ̀ ewé yí sí ọ̀tún, yẹ́lò máa ń gé lọ tààrà. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi pupa gé ọ̀tún tí mò ń bá a jà, tí ọwọ́ mi wú.

Àmọ́ èyí tí mi ò lè gbàgbé ni ti ínǹṣì tí mo jó. Bí èèyàn kò bá fọkàn tán ẹnu téèpù, ó lè fi ojú ìlà ínǹṣì kan sí etí páànù dípò ẹnu téèpù, kó sì yọ ínǹṣì kan kúrò nínú ohun tó bá kà. Jíjó ínǹṣì ni wọ́n ń pe èyí. Láti ìgbà tí wọ́n ti ju téèpù mi sínú garawa, mi ò fọkàn tán ẹnu téèpù kankan mọ́, mo sì fẹ́ràn jíjó ínǹṣì. Wọ́n ní kí n gé páànù mẹ́rìnlá tí gígùn rẹ̀ jẹ́ 24 ínǹṣì. Mo fi ìlà ínǹṣì kan sí etí, mo sàmì sí 24, mo gé. Ọwọ́ mi yá, mò ń kọrin sábẹ́ ètè. Mo tò wọ́n síra, etí wọn ṣe régé. Ọ̀gá mi mú èyí tó wà lókè, ó wọ̀n ọ́n, ó mú òmíràn, ó wọ̀n ọ́n. Ó wá bi mí pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́, "Ínǹṣì tó o jó dà?"

Ó jẹ́ 23. Gbogbo mẹ́rìnlá. Èyí tó gùn jù ṣeé gé, ṣùgbọ́n èyí tó kúrú, kò sí ẹni tó lè fà á. Mo fẹ́ sọ pé mo mọ̀, ó kù díẹ̀ kó jáde lẹ́nu mi. Mo wá sọ pé, "Mo gbàgbé láti fi kún un. Báwo lo ṣe máa ń rántí?" Ó ní òun kì í jó ínǹṣì àyàfi tó bá di dandan, bí òun bá sì jó o, òun á kọ nọ́ńbà tuntun náà sára páànù kí òun tó sàmì. Ó yọ bírò létí, ó kọ 25 gàdàgbà síbẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo béèrè nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì dáhùn bí ẹni tó ti ń retí ìbéèrè náà tipẹ́. Ìgbà tí a jẹun ọ̀sán, ó sọ fún mi pé páànù ogún ni òun fi ti òun ṣòfò nígbà tí òun ń kọ́ṣẹ́.

Kíláàsì wa, alẹ́ ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀ ni, lẹ́yìn tí a bá ti ṣiṣẹ́ láti aago mẹ́fà àárọ̀. Mo ti sùn lórí ìwé rí. Olùkọ́ wa máa ń ya àwòrán pẹ̀lú kọ́ńpáàsì àti rúlà, kó fi bí a ṣe ń tẹ́ ohun tó yí pẹrẹsẹ hàn wá: duct tó jẹ́ onígun mẹ́rin lápá kan, tó wá di róbótó lápá kejì, a ó pín ara rẹ̀ sí àwọn onígun mẹ́ta wẹ́wẹ́, a ó wá òdiwọ̀n gígùn ìlà kọ̀ọ̀kan, a ó sì tò wọ́n síra lórí páànù. Bí a bá gé e tí a sì ká a, ó máa ń dé bí ìdérí ìkòkò. Ọ̀dọ́ kan béèrè ìdí tí a fi ń ya èyí lọ́wọ́ nígbà tó jẹ́ pé kọ̀ǹpútà ló ń yà á ní ṣọ́ọ̀bù, tí ẹ̀rọ sì ń gé e. Olùkọ́ ní kọ̀ǹpútà kò mọ̀ pé àwọn tó gbé páìpù omi kọjá lánàá ti gba ọ̀nà tí duct yẹ kó gbà. Mo ti rí èyí ju ìgbà mẹ́wàá lọ láti ìgbà náà. Bí o bá wà lórí ilé alájà mẹ́jọ, tí páìpù kan sì wà níbi tí àwòrán ní kò sí nǹkan, ìwọ àti téèpù rẹ ló kù.

Iṣẹ́ tí wọ́n fún wa ní ọdún kejì, èmi nìkan ló ṣe é lódì. Duct tó yẹ kó yà sí ọ̀tún ni. Mo ya àwòrán dáadáa, gbogbo ìwọ̀n pé, mo fi àyè sílẹ̀ fún etí tí a máa ń ká, nǹkan bí ínǹṣì kan fún àpò àti 1/4 fún etí tó máa wọnú rẹ̀. Àmọ́ mo gbàgbé láti sàmì sí ojú tó máa wà nínú, mo sì ká gbogbo rẹ̀ sí ojú kejì. Ohun tó jáde yà sí òsì. Ó rẹwà, etí rẹ̀ ṣe régé, kò sì wúlò fún nǹkan kan, bí ẹni tó ra bàtà tuntun tí méjèèjì jẹ́ ti ẹsẹ̀ òsì. Olùkọ́ gbé e kọ́ sórí ògiri. Ó wà níbẹ̀ di ìgbà tí mo jáde.

Ọdún kẹta ni mo fi ara mi sínú ewu. Páànù wa, wọ́n máa ń fi èròjà kan tí wọ́n ń pè ní zinc bo ara ọ̀pọ̀ rẹ̀ kó má bàa dípẹtà. Bí iná wẹ́dà bá kan zinc yẹn, èéfín funfun ló ń tú jáde, ẹni tó bá fà á símú yóò ṣàìsàn. Wọ́n ti kọ́ wa pé kí a kọ́kọ́ ha zinc náà kúrò níbi tí a fẹ́ jó, kí a gbé ẹ̀rọ tó ń fa èéfín síbẹ̀, kí a má sì gbórí sójú èéfín. Mo mọ̀. Ilẹ̀ ti ń ṣú, ègé irin mẹ́rin péré ló kù, mo sì jó wọn nínú kọ̀rọ̀ kan tí atẹ́gùn kò sí. Ẹnu mi dùn lọ́nà tó ṣàjèjì, bí ìgbà tí èèyàn lá owó ẹyọ. Ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, òtútù mú mi, eyín mi ń gbá ara wọn, oríkèé ń ro mí. Mo sọ fún ìyàwó mi pé ibà ti dé. Ó tú àpò tá a fi kó oògùn ibà wá láti ilé, ó rí i, ó sì fún mi ní mẹ́rin. Ní Ohio, nínú oṣù kejì, níbi tí ẹ̀fọn kan kò sí!

Ara mi ti yá ní ọjọ́ kejì, mo padà síbi iṣẹ́. Fọ́máànù wo ojú mi lẹ́ẹ̀kan, ó béèrè bóyá mo jó irin tó ní zinc. Ẹnì kan ní kí n máa mu mílíìkì. Olùkọ́ wa ti sọ tẹ́lẹ̀ pé mílíìkì kò ṣe nǹkan kan sí i, afẹ́fẹ́ tó mọ́ ni oògùn rẹ̀. Fọ́máànù náà kò bá mi wí. Ó kàn ní kí n ṣàlàyé fún àwọn ọmọ ọdún àkọ́kọ́ méjì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ohun tó ṣe mí, bó ṣe rí gẹ́lẹ́, láìfi ibì kankan pamọ́. Ìyẹn le ju ìbáwí lọ.

Mi ò ní parọ́ fún ẹni tó bá fẹ́ wọ iṣẹ́ yìí. Ọwọ́ á bó. Etí páànù tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gé mú ju abẹ lọ, mo ní àpá mẹ́ta. Ó tún ní àsìkò tí iṣẹ́ ń tán: ní oṣù kìn-ín-ní ọdún kejì mi, wọ́n ní kí èmi àtàwọn márùn-ún mìíràn máa lọ sílé, owó ìrànwọ́ àìríṣẹ́ ni a fi jẹun fún ọ̀sẹ̀ méje. Ẹni tí kò bá fi owó pamọ́ nígbà ẹ̀rùn á sunkún nígbà òtútù. Ètò adójútòfò ìlera tó kan gbogbo ilé mi ló mú mi dúró, àti owó ìfẹ̀yìntì tí mi ò fọwọ́ kàn.

Mo gba káàdì journeyman mi lẹ́yìn ọdún márùn-ún àti oṣù díẹ̀. Ọ̀gá mi tó jẹ́ ọmọ ọdún 26 ti di ọmọ ọdún 31, ó ti fẹ́yàwó, ó bọ̀ mí lọ́wọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn, iṣẹ́ tí a ń ṣe parí, orúkọ mi sì wọ ìwé àwọn tó ń retí iṣẹ́ ní gbọ̀ngàn yúníọ̀n. Owó mi ti pọ̀ ju ti ọmọṣẹ́ lọ báyìí, ẹni tó bá sì máa pè mí gbọ́dọ̀ rí ohun tó máa fi mí ṣe.

Fóònù dún ní ọjọ́ kọkànlá, kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹni tó ń pín iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn kan ń béèrè èèyàn méjì. Ó ní, "Ṣé o lè jó stainless, 20 gééjì?"

Mo ní, "16 ni mo ti jó dáadáa. Mi ò tíì jó èyí tó tinrin tó bẹ́ẹ̀."

Ó dákẹ́ díẹ̀. Mo gbọ́ tó ń ṣí ìwé.

Ó ní, "Ó dáa. Ẹnì kan wà níbẹ̀ tó lè fi hàn ẹ́. Aago mẹ́fà, ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn. Mú téèpù ẹ dání."